Àkọ́bí Bàbá Mi

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù kọkànlá, mo ń se kọfí lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ ẹsẹ̀ ẹnìkan tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti òkè ilé wa. Èmi àti bàbá mi nìkan ló ń gbé inú ilé náà. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni mo ti mọ bí bàbá mi ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn: ẹsẹ̀ ọ̀tún á dún gbì, tòsì á wọ́ tẹ̀lé e, nítorí kẹ̀kẹ́ tí màlúù ń fà ti gun ún lẹ́sẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìnlá, ẹsẹ̀ náà sì kúrú títí ó fi dàgbà. Ẹsẹ̀ tí mo ń gbọ́ yìí kò wọ́. Ó ń dún déédéé, gbì, gbì, gbì. Mo mú ọ̀pá tí mo fi ń tẹ́ ìyẹ̀fun, mo sì dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Bàbá mi ló wọlé. Ó nàró gbọnrangandan, orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àtùpà tí kò kàn rí.

"Kí lo fẹ́ fi ọ̀pá yẹn ṣe?" ó bi mí.

"Bàámi, ẹsẹ̀ yín."

"Kí ló ṣe ẹsẹ̀ mi?"

"Ẹ ò tiro mọ́."

Ó wo ẹsẹ̀ náà bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ni ín. "Mo mọ̀," ó wí. "Fún mi ní kọfí."

Irú èèyàn tí bàbá mi jẹ́ nìyẹn. Bí ilé bá ń jó, á ní kí o kọ́kọ́ pa ilẹ̀kùn dé kí òtútù má bàa wọlé. Ọdún méjìdínlógójì ni mo ti fi ń bá a fà á, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti tojú sú mi pátápátá, bẹ́ẹ̀ sì ni n kò lè fi í sílẹ̀.

Learco Zanasi lorúkọ rẹ̀, òun sì ni olórí àwọn tó ń fi òòlù lu páànù di ara ọkọ̀ ní ilé iṣẹ́ wa, lẹ́bàá Modena ní ilẹ̀ Ítálì. Èmi, Ione, ń rán awọ àga níbẹ̀. Ọkọ̀ tí a ń ṣe ni Gheppio, ọkọ̀ eré pẹlẹbẹ kan tí wọ́n fi orúkọ àwòdì kékeré sọ, tí àwọn ọmọdé káàkiri ń lẹ àwòrán rẹ̀ mọ́ ògiri yàrá wọn. Ọdún kẹrìndínlógún rẹ̀ nìyẹn, a sì ti gbọ́ pé a kò ní ṣe é mọ́ lẹ́yìn ọdún náà. Ṣùgbọ́n àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ilé iṣẹ́ ní dandan ni kí a kọ́kọ́ tún un ṣe títí tí kò fi ní ní àléébù kankan, kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè máa fi rere rántí rẹ̀. Ẹni tí wọ́n gbé iṣẹ́ yìí lé lọ́wọ́ ni Ẹnjiníà Pautasso, ará Torino, ọkùnrin kan tó máa ń fọwọ́ lẹ́yìn tó bá bọ èèyàn lọ́wọ́ tán.

Gbogbo àtúnṣe yìí ni wọ́n ń kọ́kọ́ dán wò lára ọkọ̀ kan ṣoṣo, èyí tí a ṣe ṣáájú gbogbo wọn. Àkọ́bí ni a ń pè é. Bàbá mi nìkan ló lu gbogbo ara rẹ̀, láìsí àwòrán, pẹ̀lú òòlù igi àti àpò iyanrìn. Àwọn tí a ṣe lẹ́yìn rẹ̀, orí igi tí wọ́n ti gbẹ́ dọ́gba ni a ti lù wọ́n. Pautasso gbé ẹ̀rọ ìwọnǹkan wá láti Torino, ó wọn Àkọ́bí yípo fún ọjọ́ méjì, ó wá ké pe gbogbo wa.

"Mílímítà mọ́kànlá!" ó ń pariwo. "Ìhà òsì fi mọ́kànlá kúrú ju ọ̀tún lọ! Ọ̀gá Learco, ṣé ojú kan lẹ fi ń wò ó ni?"

"Ojú méjèèjì ni," ni bàbá mi wí. "Bó ṣe yẹ kó wà nìyẹn. Fi í sílẹ̀."

"Ọkọ̀ tó ń tiro lẹ ní kí n fi sílẹ̀?"

"Ó fi títiro yẹn sáré ju gbogbo ẹ̀yin ará Torino lọ."

Gbogbo ilé iṣẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Pautasso kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, tí bàbá mi lọ yọ eyín lọ́dọ̀ dókítà, ó ní kí wọ́n gé ìhà òsì Àkọ́bí kúrò, kí wọ́n sì ṣe òmíràn tó bá ọ̀tún dọ́gba. Ọjọ́ kejì ni ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí mo sọ yẹn. Ọkàn mi kò sì lọ síbẹ̀ rárá. Ta ni ọkàn rẹ̀ á lọ síbẹ̀?

N kò ní purọ́, inú mi dùn. Dókítà ní Bologna wo egungun náà, ó gbọn èjìká, ó ní kí a lọ dúpẹ́. Bàbá mi nìkan ni inú ń bí. Ó fi agídí wọ bàtà rẹ̀ àtijọ́, èyí tí wọ́n fi àtẹ́lẹsẹ̀ nínípọn sí lápá òsì, bàtà náà sì gbé e ṣubú lẹ́nu ọ̀nà ìjọ lójú gbogbo èèyàn. Mo ní kí ó ju bàtà náà nù. Ó ní kí n fi òun àti bàtà òun sílẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Pautasso ní bíréèkì ẹ̀yìn ń gbóná jù. Ó gbẹ́ ihò ńlá méjì sí ìhà Àkọ́bí kí afẹ́fẹ́ lè máa wọ̀ ọ́ dáadáa. Dorando ló ń dán ọkọ̀ wò fún wa, òun àti bàbá mi sì ti ń jọ mu wáìnì láti ìgbà èwe wọn. Ó wa Àkọ́bí gba ọ̀nà òkè lọ, nígbà tó padà dé, ó bọ́ akoto rẹ̀, ojú rẹ̀ funfun bí ìyẹ̀fun.

"Learco," ó wí jẹ́jẹ́, "ó ń mí."

"Kí ló ń mí?"

"Àkọ́bí. Mo pa ẹ́ńjìnnì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà kí n lè tọ̀, mo sì ń gbọ́ èémí. Èémí èèyàn, Learco. Á fà á sínú, á tú u síta."

Mo fẹ́ sọ fún un pé kí ó yé mu wáìnì láàárọ̀. Ìgbà náà ni mo ṣàkíyèsí pé bàbá mi, tí eruku páànù ti mú kí ó máa wúkọ́ láti ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, kò tíì wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti àárọ̀ ọjọ́ náà. Ó dúró níbẹ̀, àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò pẹ̀lú ìrọ̀rùn. Dorando wò ó, ó wo ọkọ̀ náà, ó sì fi ọwọ́ kan irin tó wà nítòsí rẹ̀ bí a ti máa ń ṣe níbí tí ẹ̀rù bá bà wá. Kò wọ inú Àkọ́bí mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ẹ̀ẹ̀kẹta ló wá dùn mí jù, nítorí ọwọ́ tèmi ni. Pautasso ní àwọn oníbàárà ń ráhùn pé ariwo inú ọkọ̀ pọ̀ jù, kí a fi fóòmù àti awọ dí inú rẹ̀ yípo. Èmi ni mo gé e. Èmi ni mo rán an. Mo rán an dáadáa pàápàá, mo fi òwú onílọ́po méjì rán an, mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀, mọ́ òrùlé àti ilẹ̀kùn títí ó fi jẹ́ pé bí o bá wà nínú rẹ̀, o kò ní gbọ́ òòlù tó ń dún nítòsí rẹ.

Nígbà tí mo délé lọ́sàn-án ọjọ́ náà, bàbá mi ń bá mi sọ̀rọ̀ nídìí tábìlì, mo sì ń rí ètè rẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ dà bíi ti ẹni tó wà nínú yàrá kejì. Ọkùnrin tó jẹ́ pé bó bá bínú, àwọn ará òdìkejì odò á gbọ́! Mo fi ṣíbí mi sílẹ̀.

"Bàámi, kí lẹ ṣe fún ọkọ̀ yẹn?"

Mo ní láti sún àga mi mọ́ ọn kí n tó gbọ́ ohun tó ń wí.

"Nígbà tí mo ń lù ú, páànù ìhà òsì kò gbọ́ tèmi. Oṣù mẹ́ta gbáko. Bí mo bá lù ú tán nírọ̀lẹ́, ilẹ̀ á mọ́, á ti padà sí bó ṣe wà. Ó sú mi, Ione. Mo kúnlẹ̀ tì í, mo fi ẹsẹ̀ mi wọ̀n ọ́n, láti gìgísẹ̀ dé ìbàdí. Ọwọ́ mi ń ṣẹ̀jẹ̀. Mo gbé ọwọ́ náà lé páànù, mo ní, 'Ó tó gẹ́ẹ́. Kí a jọra.' Ó sì gbà."

"Kí a jọra?"

"Ó yẹ kí n ní kí ó jọ mí. Mi ò ronú kí n tó sọ ọ́."

Ẹyin lohùn, bó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Bàbá mi mọ òwe yìí ju ẹnikẹ́ni lọ, òun ló sì lọ bá páànù dá májẹ̀mú láìwo ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì! Inú bí mi débi pé mo dìde, mo sì lọ fọ àwo tí kò dọ̀tí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, tó jẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo lọ bá Pautasso nínú ọ́fíìsì rẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó dá Àkọ́bí padà sí bó ṣe wà.

"Jẹ́ kó yé mi, Madamu Ione," ó wí. "Ẹ̀sùn tó o wá fi kàn mí ni pé bàbá ẹ ò tiro mọ́, kò wúkọ́ mọ́, kò sì pariwo mọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ̀sùn ńlá ni o. Tó bá kan ìyàwó mi, ṣé wàá bá mi bẹ ọkọ̀ náà kí òun náà dákẹ́ díẹ̀?" Ó rẹ́rìn-ín, ó nu imú rẹ̀. "Má dààmú ara ẹ. Àtúnṣe ti tán. Tó bá di ọjọ́ Ẹtì, Àkọ́bí ń lọ Torino."

"Kí ló fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀?"

"Òfin ni. Kí ìjọba tó fọwọ́ sí èyí tí a tún ṣe, a gbọ́dọ̀ fi ọ̀kan sáré lu ògiri, kí wọ́n wo bó ṣe máa fọ́. A ò lè fọ́ tuntun nígbà tí ògbólógbòó wà nílẹ̀."

Mo jáde, mo sì gba ilé lọ. Mo bá bàbá mi nínú ọgbà, ó ń gé ẹ̀ka àjàrà nínú kùrukùru. Mo sọ fún un. Kò tilẹ̀ dá ọwọ́ dúró.

"Jẹ́ kó lọ," ó wí.

"Ẹ máa kú!"

"Ṣé mo ní mi ò ní kú ni? Àádọ́rin ọdún ó lé kan nìyí. Ohun tí wọ́n bá ṣe pé kó máa sáré, eré ló yẹ kó bá lọ."

"Mi ò fẹ́ gbọ́ ìyẹn, Bàámi."

"O ò fẹ́ gbọ́ nǹkan kan rí láyé ẹ."

Mo yí padà, mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Títí di òní ni ó ń dùn mí pé mo yí padà.

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, ọ̀gá àgbà tuntun wá jẹun ní ilé oúnjẹ òṣìṣẹ́ pẹ̀lú àlejò kan, Ọ̀gbẹ́ni Wyss, olówó kan láti Lugano ní ilẹ̀ Switzerland tó ń kó ọkọ̀ àtijọ́ jọ sínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tirẹ̀. Mo dúró lórí àga láàárín igba èèyàn, èmi tí n kì í sọ̀rọ̀ níwájú ẹni mẹ́ta.

"Ọ̀gá," mo ní, "ṣé òótọ́ ni pé ẹ fẹ́ fi àkọ́bí ilé yìí lu ògiri lọ́la? Ilé wo ni wọ́n ti ń fi àkọ́bí lu ògiri?"

Ṣíbí dákẹ́ nínú gbogbo àwo. Dorando ló kọ́kọ́ dìde, ó ní, "Ìtìjú ni!" Àwọn yòókù bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ gbá tábìlì. Ojú ọ̀gá àgbà pọ́n. Wyss ti dìde, ó ń dì í lápá mú, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fún òun. Kí wọ́n tó gbé kọfí wá, wọ́n ti bọ ara wọn lọ́wọ́: òmíràn ni wọ́n máa fi lu ògiri, Àkọ́bí á sì lọ sí Lugano.

Wyss wá bá mi, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Madamu, ẹ̀yin lẹ gbà á là. Ẹ sọ fún mi, báwo ni kí n ṣe máa tọ́jú rẹ̀?"

Ayọ̀ ń gùn mí. Mo ní, "Ẹ má jẹ́ kí ohunkóhun yí padà lára rẹ̀ mọ́ láéláé."

Èmi tí mo ń bá bàbá mi jà nítorí ọ̀rọ̀ mẹ́ta.

Nígbà tí mo délé tí mo sọ fún bàbá mi pé mo ti gbà á sílẹ̀, ó yí àga rẹ̀ sí mi. "Ione," ó wí láti ọ̀nà jíjìn tí ohùn rẹ̀ wà, "o ò bi mí."

Oṣù kan lẹ́yìn náà, ọjọ́ kejì Kérésìmesì, a jókòó sídìí tortellini, ìyẹ̀fun pípò tí a di ẹran sínú, nínú omi ẹran. Bàbá mi gbé ṣíbí sẹ́nu lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà kẹrin, ó fi ṣíbí náà lélẹ̀ jẹ́jẹ́, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan, ó sì ń wo ògiri. Mo pè é, kò dáhùn. Mo fọwọ́ kàn án, ara rẹ̀ kò gbóná, bẹ́ẹ̀ ni kò tutù. Fóònù dún. Wyss ni, ohùn rẹ̀ kún fún ayọ̀.

"Madamu, a ti ṣe é bí ẹ ṣe wí! A ti fa gbogbo epo inú rẹ̀ jáde, a ti fa omi rẹ̀ gbẹ, a sì ti gbé e sókè kí táyà má fi kan ilẹ̀. Ó wà nínú yàrá gíláàsì. Kò sóhun tó máa yí padà lára rẹ̀ mọ́."

Bàbá mi kò tíì jẹun láti ọjọ́ náà. Kò mu omi. Irun rẹ̀ kò hù, èékánná rẹ̀ kò gùn. Bí mo bá fà á lọ́wọ́, á dìde, á rìn, á jókòó síbi tí mo bá fi í sí, ẹ̀yìn rẹ̀ a máa nàró ṣánṣán. Àlùfáà wá lẹ́ẹ̀kan, kò padà wá. Níbi ìsìnkú Dorando, àwọn obìnrin tó wà lórí àga wa dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n lọ jókòó síbòmíràn. Nígbà tó yá mo ta ilé, mo sì gbé e lọ sí abúlé kan lórí òkè níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ wá. Mo pe Wyss ní ìgbà àìmọye, mo ní kí ó da epo sí ọkọ̀ náà, kí ó wà á. Ó ní òun kò lè da ọ̀rọ̀ tí mo sọ fún òun. Kó tó kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ṣèlérí fún un lórí àkéte pé àwọn náà kò ní dà á. Irun mi funfun. Eyín mi ń bọ́. Mo di ẹni àádọ́rin ọdún, mo di ẹni mọ́kànléláàádọ́rin, ọjọ́ orí bàbá mi, mo sì kọjá rẹ̀.

Ọdún mẹ́rìndínlógójì lẹ́yìn tí wọ́n gbé Àkọ́bí lọ, olùtọ́jú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà pè mí. Ó ní ojú rírán kan ti já lára àga tí mo rán, ṣé mo lè wá tún un rán kí wọ́n tó ti ọkọ̀ náà pa pátápátá.

"Ẹ ní kí ni?" mo bi í.

"Àléébù kan ṣoṣo ló kù, Mama. Láràárọ̀ la máa ń bá ooru lára gíláàsì iwájú rẹ̀, láti inú, bí ẹni pé èèyàn kan mí sí i. A ò mọ ibi tó ti ń wá. Ní Ọjọ́bọ̀, a máa fa gbogbo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, a ó sì fi oje dí gbogbo ihò rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ó pé."

Mo ní màá wá ní Ọjọ́rú, mo sì gbé fóònù sílẹ̀. Mo lọ jókòó níwájú bàbá mi, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó ti rẹ̀ mí, ó ti rẹ̀ mí kọjá sísọ. Mo bi í ní ohun tó yẹ kí n ti bi í nínú ọgbà àjàrà.

"Bàámi, kí lẹ fẹ́?"

Ètè rẹ̀ mì, ohùn náà wá láti ibi tó jìn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

"Epo," ó wí. "Bu epo sí i."

"Bàámi, ọdún mẹ́rìndínlógójì ni kò ti ṣiṣẹ́. Tí mo bá ṣáná sí i báyìí, kò ní ju ìṣẹ́jú mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí gbogbo inú rẹ̀ á fi fọ́."

"Mẹ́rin?"

"Tí orí bá bá a ṣe."

Bàbá mi dìde fúnra rẹ̀, ó lọ mú ẹ̀wù òtútù rẹ̀ lára ìkọ́.

Ọjọ́rú la lọ. Mo fi bátìrì kan àti jálá epo bẹntiróòlù pa mọ́ sábẹ́ awọ àti òwú mi nínú bùútù. Ní ẹnubodè Chiasso, ọ̀dọ́mọkùnrin ọlọ́pàá kan gba ìwé wa, ó ka ọdún tí a bí bàbá mi, ó tún un kà, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì wo inú ọkọ̀.

"Mama, wọ́n kọ ọjọ́ orí yìí ní àṣìṣe. Àbúrò yín ni, àbí?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi." Kí ni kí n tún máa ṣàlàyé fún ta ni?

Ó dá ìwé wa padà fún wa, ó ṣí ọ̀nà sílẹ̀. Mo ń rọra wa ọkọ̀ lọ lẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù kan, ẹsẹ̀ mi kò fẹ́ tẹ̀ ẹ́, nítorí mo ń ka kìlómítà tó kù fún wa, èmi àti òun. Bàbá mi yí orí sí mi. Ooru èémí rẹ̀ ti bo gíláàsì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Ione," ó wí, "ṣé bí wọ́n ṣe ń wakọ̀ nìyí? Tẹ̀ ẹ́."